Bí A Ṣe Ń Gbé Àpótí Ẹja Eléwéko Kalẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ẹja fún ẹwà nígbà àkọ́kọ́ sábà máa ń ra àpótí onígíláàsì àti ẹja ní ọjọ́ kan náà. Yóò pọn omi kún un, yóò da ẹja sí i, kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, òkú ẹja á ti bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Kì í sábà jẹ́ pé àìsàn wà lára ẹja náà láti ibi tí wọ́n ti rà á, omi náà sì lè mọ́ gaara lójú. Omi tuntun kò tíì ní agbára láti wẹ ara rẹ̀ mọ́ ni. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú ìlànà tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, omi àti ewéko ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, ẹja ni yóò sì wọlé gbẹ̀yìn.

Irú àpótí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí omi inú rẹ̀ kò ní iyọ̀, tí ewéko gidi ń hù nínú rẹ̀, tí oríṣiríṣi ẹja kéékèèké tí kì í pa ara wọn jẹ sì jọ ń gbé ibẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú omi

Ní 1850, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní London, ròyìn pé òun fi goldfish méjì àti ewéko Vallisneria sínú omi kan náà, ẹja ń mí èémí tí ewéko ń lò, ewéko sì ń dá ọ́síjìn padà fún ẹja. Nígbà tí ewé tí ó ń jẹrà bẹ̀rẹ̀ sí í ba omi náà jẹ́, ó fi ìṣáwùrú kún un kí wọ́n lè máa jẹ ẹ́ kúrò. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ mìíràn wà nínú omi yẹn tí Warington kò mọ̀ nípa rẹ̀, ìyẹn bakitéríà. Ó tó nǹkan bí 40 ọdún lẹ́yìn náà kí Sergei Winogradsky, onímọ̀ nípa bakitéríà, tó ya àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀, tí ó sì fi hàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Iṣẹ́ náà rèé. Ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù àti ewé tí ó rà ń di amóníà, ẹja fúnra rẹ̀ sì ń tú amóníà jáde láti ibi tí ó fi ń mí. Májèlé ni amóníà, oró rẹ̀ sì ń le sí i bí omi bá ṣe ń gbóná tí pH rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, sì ń ga. Ọ̀wọ́ bakitéríà kan ń sọ ọ́ di nitrite. Nitrite náà kò dára, nítorí pé kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹja lè gbé ọ́síjìn. Ọ̀wọ́ kejì ni ó ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò léwu púpọ̀ bí kò bá pọ̀ jù. Ewéko ń jẹ amóníà àti nitrate, èyí ni ó fi jẹ́ pé àpótí eléwéko máa ń fara balẹ̀ ju èyí tí kò ní nǹkan kan bí kò ṣe òkúta aláwọ̀ lọ.

Ara nǹkan ni bakitéríà wọ̀nyí máa ń lẹ̀ mọ́: fóòmù inú asẹ́, yanrìn, igi àti ewé. Díẹ̀ ni ó ń gbé inú omi fúnra rẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ omi, a kò pààrọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí a bá fi omi ẹ̀rọ tí kilorínì wà nínú rẹ̀ fọ fóòmù asẹ́ títí ó fi funfun, a ti pa wọ́n nìyẹn. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó láti gbọ́ bùkátà ẹja.

Àpótí àti ibi tí yóò jókòó sí

Àpótí kékeré kò rọrùn láti tọ́jú ju ńlá lọ. Omi díẹ̀ máa ń tètè gbóná, ó máa ń tètè tutù, ìdọ̀tí táṣẹ́rẹ́ sì lè sọ ọ́ di májèlé. Ẹ má ṣe lo èyí tí kò gbà tó 60 lítà. Bí ààyè bá wà, èyí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, tí ó fẹ̀ ní 35, tí ó sì ga ní 40 dára fún olùbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ 112 lítà, ṣùgbọ́n bí yanrìn, òkúta àti igi bá ti wọlé, tí a sì fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, omi tí yóò wà nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 90 lítà. Ẹ wo gígùn ju gíga lọ, nítorí ojú omi ni ọ́síjìn ń gbà wọlé, ọ̀pọ̀ ẹja kéékèèké sì fẹ́ràn láti máa lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú sẹ́yìn ju kí wọ́n máa gòkè sọ̀ lọ.

Lítà omi kan wọn kílógíráàmù kan. Bí a bá ro gíláàsì, yanrìn àti òkúta mọ́ ọn, irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè wúwo tó nǹkan bí 140 kílógíráàmù, nítorí náà tábìlì lásán kò lè gbà á. Ẹ lo ohun èlò tí àwọn bíríkìlà fi ń wo bóyá ògiri tẹ́jú, kí ẹ gbé e sórí tábìlì náà ní gígùn àti ní ìbú kí àpótí tó dé orí rẹ̀, nítorí pé gíláàsì tí igun rẹ̀ kan gbé sókè lè là lójijì lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ má ṣe gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Wáyà gbogbo ohun tí ń lo iná mànàmáná níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kọjá ojúbọ̀ iná kí ó tó tún gòkè lọ bọ́ sí i, kí omi tí ó bá ń kán lára wáyà lè kán sílẹ̀ dípò kí ó ṣàn wọ inú ojúbọ̀.

Asẹ́ omi gbọ́dọ̀ lè yí gbogbo omi inú àpótí po ní ìgbà 4 sí 5 ní wákàtí kan. Fún àpótí tí mo júwe yìí, èyí tí ń fa 400 sí 500 lítà ní wákàtí kan ti tó. Asẹ́ onífóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń wa kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú àpótí kékeré, kì í sì í fa edé tàbí ọmọ ẹja mì. Híítà tí agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì kan fún lítà kan ni a sábà máa ń lò láti mú omi dúró sí ìwọ̀n 24 sí 26 ní òṣùwọ̀n Celsius. Níbi tí omi kì í ti tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò pọn dandan. Ìdérí wúlò, nítorí ẹja ń fò jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò, tí n kò lè gbà kí a fò, ni ohun èlò ìdánwò omi tí ń wo amóníà, nitrite, nitrate àti pH. Ẹ ra èyí tí a ń kán olómi rẹ̀ sínú ìgò, nítorí ó ṣeé gbára lé ju ti bébà lọ.

Ilẹ̀, òkúta àti igi

Yanrìn tí kò mú tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tí kò ju mìlímítà 2 sí 3 lọ ni ó dára jù. Ẹ tẹ́ ẹ tó sẹ̀ǹtímítà 5 níwájú, kí ó sì ga tó 8 lẹ́yìn, kí gbòǹgbò lè rí ibi wọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú korobá, ní díẹ̀díẹ̀, títí omi orí rẹ̀ yóò fi mọ́. Yanrìn kò ní oúnjẹ nínú, nítorí náà a máa ń ki ajílẹ̀ oníkóró sí ìdí àwọn ewéko tí ń fi gbòngbò jẹun. Ilẹ̀ dúdú oníkóró tí a ṣe fún ewéko inú omi ní oúnjẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í fọ̀ ọ́, ó máa ń fa pH wálẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń tú amóníà jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyẹn kì í ṣe àléébù bí kò bá tíì sí ẹja níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo òkúta tí ẹ ṣà, ẹ kán fínígà sí i lára. Bí ó bá hó, ó ní ẹfun òkúta nínú, yóò sì máa fi àlùmọ́ọ́nì kún omi, tí pH yóò sì máa lọ sókè. Igi tí a tà fún àpótí ẹja ni kí ẹ lò, kí ẹ sì rì í sínú omi títí tí kò fi ní léfòó mọ́. Ó lè pa omi láró fún ìgbà díẹ̀, ohun funfun tí ó máa ń yọ̀ sì lè bo ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Méjèèjì kò ṣe ẹja ní nǹkan kan. Òkúta tí ó bá wúwo gbọ́dọ̀ fìdí kanlẹ̀ kí a tó da yanrìn yí i ká, nítorí ẹja tí ń gbẹ́ ilẹ̀ lè mú kí ó yẹ̀ lu gíláàsì.

Ewéko

Ewéko tí kò lágídí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbìn ín púpọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àpótí tí a gbin ìdí mẹ́ta sí, tí a ní kí wọ́n máa pọ̀ sí i fúnra wọn, algae ni yóò gbà á, ìyẹn nǹkan aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tí ń yọ̀, tí ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì àti ara ewé. Oúnjẹ àti ìmọ́lẹ̀ tí ewéko kò bá lò, algae ni yóò lò ó.

Àwọn kan wà tí a kì í rì mọ́lẹ̀: Anubias àti Bolbitis, tí orírun wọn jẹ́ odò Áfíríkà, àti Microsorum tí ó ti Éṣíà wá. Wọ́n ní igi ìdí kan tí ó nípọn, tí ó ń rá lọ ní ìbú, gbòǹgbò ń ti abẹ́ rẹ̀ yọ, ewé sì ń ti òkè rẹ̀ hù. Bí a bá bo igi ìdí yìí mọ́ inú yanrìn, yóò rọ̀, yóò sì jẹrà. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ gbé e lé orí igi tàbí òkúta, kí ẹ fi òwú ìránṣọ dúdú we é lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí òwú máa gba àárín ewé kan sí èkejì, kí ó má fún débi tí yóò fi gé e, kí ẹ sì ta á ní kókó sí abẹ́ níbi tí ojú kò ní tó. Láàárín oṣù díẹ̀, gbòǹgbò tín-ín-rín yóò ti na ọwọ́ mọ́ igi náà, a ó sì lè gé òwú kúrò. Àwọn wọ̀nyí kì í yára dàgbà, wọn kò sì nílò ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ibi tí òjìji wà ni kí ẹ fi wọ́n sí, kí algae má baà bo ewé wọn.

Àwọn tí ń fi gbòngbò jẹun ni Cryptocoryne, Echinodorus àti Vallisneria. Ẹ ki ajílẹ̀ oníkóró sí ìdí wọn, kí ẹ sì rí i pé yanrìn kò bo ibi tí ewé ti ń yọ láàárín. Òṣíbàtà pàápàá ní irú tí a ń gbìn sínú àpótí, tí ewé rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n kí ẹ máa gé ewé tí ó bá ń sáré lọ sí ojú omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fi òjìji bo gbogbo ìyókù.

Àwọn tí igi ara wọn gùn, bíi Hygrophila àti Limnophila, pẹ̀lú Ceratophyllum tí kò ní gbòǹgbò rárá, ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí wọ́n ń yára dàgbà, wọ́n sì ń yára fa amóníà àti nitrate mu. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń gbin ẹ̀ka wọn, kì í ṣe ní ìdì bí wọ́n ṣe tà á. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ẹ̀mú gígùn dì í mú ní ìsàlẹ̀, kí ẹ tì í wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ sì fi ààyè ìka kan sí àárín ọ̀kan sí èkejì. Ní ti àwọn tí ń léfòó, ojú oró, tí gbogbo wa mọ̀ pé òun ní í lékè omi, kò ní ìṣòro àìrí CO2, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí jáde tí ewéko ń lò, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń mú un. Ó dára gan-an láti fi fa ìdọ̀tí kúrò, àmọ́ kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bo ju ìdajì ojú omi lọ. Ẹ má sì dà á sínú odò tàbí gọ́tà nígbà tí ó bá pọ̀ jù. Ẹ gbẹ ẹ́ sínú oòrùn, kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Ní ọjọ́ ìgbìn, ẹ pọn omi díẹ̀ tí yóò kàn bo yanrìn, kí ẹ máa fi omi wọ́n ewé kí ó má baà gbẹ, kí ẹ sì parí ìgbìn kí ẹ tó kún àpótí. Ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ sórí yanrìn, kí ẹ máa da omi sórí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ilẹ̀ má baà tú. Kí ẹ tó gbin èyíkéyìí, ẹ tú òwú àti ike tí wọ́n fi gbé e wá kúrò, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ewé bóyá ẹyin ìṣáwùrú wà níbẹ̀.

Ohun kan ń dẹ́rù ba olùbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewéko tí a ń rà ni wọ́n gbìn ní òkè ilẹ̀, tí ewé rẹ̀ ti mọ afẹ́fẹ́ lára. Bí ó bá wọ omi, ewé yẹn lè rà, pàápàá ti Cryptocoryne tí gbogbo rẹ̀ lè yọ́ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe fà á tu. Ẹ kàn kó ewé tí ó rà kúrò, nítorí gbòǹgbò wà láàyè, ewé tuntun tí a bí sínú omi yóò sì yọ, yóò tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Iná yóò máa tàn fún wákàtí 6 lójúmọ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Ẹ lo aago tí ń tan iná tí ó sì ń pa á fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe déédéé. Nígbà tí ewéko bá ti ń dàgbà dáadáa, ẹ lè mú un dé wákàtí 8. Ní ti àgbá CO2, mo gbà pé kí olùbẹ̀rẹ̀ jìnnà sí i: ewéko tí mo dárúkọ kò nílò rẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè sé ẹja léèémí.

Ọ̀sẹ̀ tí kò sí ẹja

Omi ẹ̀rọ sábà máa ń ní kilorínì tàbí chloramine, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi. Kilorínì lè fò lọ bí a bá gbé omi kalẹ̀ fún ọjọ́ kan, chloramine kì í lọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà oògùn tí ń pa kilorínì nínú omi ni kí ẹ máa lò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ da omi sí àpótí. Omi kànga kò ní kilorínì, ṣùgbọ́n kí ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́, nítorí ó lè ní nitrate nínú láti ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí asẹ́ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru. Bakitéríà nílò oúnjẹ, nítorí náà ẹ kán amóníà tí kò ní ọṣẹ tàbí òórùn dídùn nínú sí omi títí tí ìdánwò yóò fi fi mílígíráàmù 2 hàn nínú lítà kan. Bí kò bá sí, ẹ máa fi ìka bu oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i kí ó máa jẹrà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní ojúlùmọ̀ tí àpótí tirẹ̀ ti dàgbà tí ẹja rẹ̀ sì ní ìlera, ẹ tọrọ ẹyọ fóòmù kan nínú asẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e wá nínú omi láì jẹ́ kí ó gbẹ. Ìyẹn máa ń dín ìdúró kù gidigidi.

Ẹ máa dán omi wò lọ́jọ́ méjì méjì. Amóníà ni yóò kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn náà nitrite yóò gòkè, yóò dúró sókè fún ìgbà tí ó lè sú ènìyàn, kí ó tó wálẹ̀ lójijì. Ọjọ́ tí ẹ bá kán amóníà tó mílígíráàmù 2 sí i, tí amóníà àti nitrite sì jẹ́ òdo ní wákàtí 24 lẹ́yìn náà, àpótí ti ṣe tán. Níbi tí ewéko bá ti pọ̀ gan-an, ẹ lè má rí nitrite púpọ̀ rárá, nítorí wọ́n ti gba amóníà jẹ kí bakitéríà tó débẹ̀. Àmì tí ẹ ó máa wò nígbà náà ni pé ewé tuntun ń yọ. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ìwọlé ẹja.

Yíyan ẹja

Omi tí ẹ ní ni kí ó yan ẹja fún yín. Bí àlùmọ́ọ́nì bá pọ̀ nínú rẹ̀, guppy àti platy yóò gbádùn ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí abo tó méjì tàbí mẹ́ta fún akọ kan, nítorí akọ kì í jẹ́ kí abo sinmi, ẹ sì múra sílẹ̀ fún ọmọ púpọ̀. Bí omi bá fúyẹ́, tí àlùmọ́ọ́nì inú rẹ̀ kò pọ̀, neon tetra àti harlequin rasbora dára jù. Ẹja tí ń rìn lọ́wọ̀ọ́ kì í gbádùn bí wọn kò bá tó mẹ́fà, mẹ́wàá sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí wọ́n bá kéré, wọn á máa fara pamọ́ sẹ́yìn igi, àwọ̀ wọn á sì ṣá. Corydoras ń gbé ìsàlẹ̀, ó ń fi irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀ tú yanrìn wá oúnjẹ, òkúta mímú sì ń jẹ irùngbọ̀n náà lọ. Bí ẹ bá rí i tí ó ta sókè lójijì lọ gbé afẹ́fẹ́ mì, tí ó sì padà sísàlẹ̀, ẹ má fòyà, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Fún àpótí 112 lítà, harlequin rasbora mẹ́wàá, Corydoras mẹ́fà, honey gourami méjì àti edé kéékèèké díẹ̀ yóò kún un tó láì há. Goldfish kò yẹ níbẹ̀, ó ń tóbi, omi tí ó tutù díẹ̀ ni ó fẹ́, ó sì ń fa ewéko tu. Angelfish tí ó bá dàgbà yóò gbé neon tetra mì. Tiger barb ń já lẹbẹ ẹja mìíràn jẹ. Pleco lásán tí wọ́n ń tà ní kékeré pé ó ń jẹ algae lè gùn kọjá sẹ̀ǹtímítà 40.

Ẹ má ṣe kó gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ọ̀wọ́ kan wọlé, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì sí àárín rẹ̀ àti èkejì, kí bakitéríà lè pọ̀ bá ẹrù tuntun. Ẹni tí ó bá ní àpótí kékeré mìíràn láti fi ẹja tuntun sí lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Bí ẹja bá dé, ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó nínú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bu omi àpótí díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀rá náà. Àwọ̀n ni kí ẹ fi kó ẹja jáde, kí ẹ da omi inú ọ̀rá nù.

Ìtọ́jú

Ẹ fún wọn ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì. Ebi kì í sábà pa ẹja inú àpótí, àjẹjù olówó rẹ̀ ni ó ń pa á.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ yọ híítà àti asẹ́ kúrò lára iná, nítorí híítà tí ó gbóná níta omi lè fọ́. Ẹ nu gíláàsì, ẹ gé ewéko, kí ẹ fi họ́ọ̀sì fa ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún omi jáde, kí ẹnu họ́ọ̀sì máa rìn lókè yanrìn kí ó lè gbé ìdọ̀tí láì tú gbòǹgbò. Omi tí yóò rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú àpótí mu ní ìgbóná, kí kilorínì rẹ̀ sì ti kú. Bí nitrate bá máa ń kọjá mílígíráàmù 40 nínú lítà kan kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ẹ máa yọ omi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ dín oúnjẹ kù.

Asẹ́ kì í gba ìfọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá rí i pé omi tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ti ń rọ̀, ẹ mú fóòmù rẹ̀ wá sínú korobá omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti inú àpótí, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Omi yẹn yóò pọ́n, yóò sì ki. Fóòmù náà kò ní funfun, kò sì yẹ kí ó funfun. Ẹ dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ní fóòmù méjì, ọ̀kan ni kí ẹ pààrọ̀ ní ìgbà kan, lẹ́yìn tí ó bá ti gbó tán.

Ewé ni yóò sọ fún yín bí ajílẹ̀ bá ti dín. Bí ewé àtijọ́ bá ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ wá, nitrogen ni ó sábà máa ń dín. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá ń lu ewé àtijọ́, potassium ni. Bí ewé tuntun bá yọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tí iṣan rẹ̀ nìkan dúdú, irin ni. Ajílẹ̀ olómi tí a ṣe fún ewéko inú omi ni kí ẹ lò, ní ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí ara ìgò rẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀. Ajílẹ̀ oko kò yẹ níbẹ̀, nítorí amóníà máa ń wà nínú rẹ̀.

Bí nǹkan bá yí padà

Omi tí ó funfun rẹ́súrẹ́sú ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò mọ́ fúnra rẹ̀. Eruku pupa tí ń bo gbogbo nǹkan ní oṣù àkọ́kọ́ náà yóò lọ, ẹ kàn máa nù ún. Bí omi bá di aláwọ̀ ewé, ẹ pa iná fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fi aṣọ bo àpótí, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ omi púpọ̀. Algae dúdú tí ó rí bí irùngbọ̀n kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀: ẹ gé ewé tí ó bá wà lára rẹ̀ sọnù, kí ẹ dín wákàtí ìmọ́lẹ̀ kù.

Bí gbogbo ẹja bá kóra jọ sí ojú omi tí wọ́n ń mí gúlegúle, ẹ má dúró wo ìdí. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ da ojú omi rú kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ dán amóníà àti nitrite wò. Bí iná mànàmáná bá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ni ó dára jù ní ilé. Omi tí ó dúró sínú asẹ́ tí a tì pa yóò ti bàjẹ́, nítorí náà ẹ dà á nù, kí ẹ sì ṣan fóòmù nínú omi àpótí kí ẹ tó tan asẹ́ padà.

Àrùn tí ẹ ó sábà rí ni èyí tí kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ́ Ichthyophthirius ń fà: àmì funfun wẹ́wẹ́ yóò yọ sí ara àti lẹbẹ ẹja, bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ sí i, ẹja náà yóò sì máa fi ara gbo òkúta. Oògùn kì í ran kòkòrò náà nígbà tí ó wà lábẹ́ awọ ẹja. Ìgbà tí ó bá jáde tí ó ń wá ẹja mìíràn nínú omi ni oògùn ń pa á, nítorí náà kí ẹ máa lo oògùn náà lọ lẹ́yìn tí àmì funfun bá ti pòórá, títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ yóò fi pé. Ẹ yọ èédú inú asẹ́ kúrò kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí oògùn tí bàbà wà nínú rẹ̀ ń pa edé àti ìṣáwùrú.

Bí ẹ bá ń rin ìrìn àjò, ẹja àgbà tí ara rẹ̀ dá lè wà láìjẹun fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ pààrọ̀ omi lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn, kí ẹ lè rí i bí nǹkan kan bá yẹ̀. Bí ìrìn náà bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wọn oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú bébà kékeré, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì gbé ike oúnjẹ tí ó kù pamọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí yóò máa bá yín bọ́ wọn.